Ẹja Inú Adágún Tí Ọwọ́ Ènìyàn Gbẹ́: Àkọsílẹ̀ Láti Ibùdó Ìwádìí Kan ní Aṣálẹ̀ Mojave

Ní etí ìwọ̀-oòrùn Soda Lake, adágún gbígbẹ kan nínú aṣálẹ̀ Mojave ní ìpínlẹ̀ California, omi ń sun jáde láti ẹsẹ̀ òkè olókùúta, ó sì ti ń sun bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, Mohave àti Chemehuevi, ti mọ ìsun náà tipẹ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pàgọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, ojú irin Tonopah and Tidewater sì gba ibẹ̀ kọjá títí di ọdún 1940. Lónìí, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ California ló ń lo ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ẹ̀kọ́ àti ìwádìí, Desert Studies Center ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Mojave National Preserve, tí ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ éékà ó lé díẹ̀, sì yí i ká. Ibùdó náà kò gba iná lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kankan. Iná oòrùn ni wọ́n ń lò, jẹnẹrétọ̀ sì wà nílẹ̀ fún ìgbà tí iyẹn kò bá tó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dá lórí ẹja kan tí ó ń gbé inú adágún tí ó wà lẹ́bàá àwọn ilé ibùdó náà. Mohave tui chub ni wọ́n ń pè é. Ẹja kékeré ni, ènìyàn lè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí idẹ tí ó ti ṣá, ikùn rẹ̀ sì ń dán bí fàdákà. Mo yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí iṣẹ́ wa kan ilẹ̀ ìpamọ́ ni a gbà pé ohun tí ìṣẹ̀dá fi síbẹ̀ ni a wà fún láti dáàbò bò, pé ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí tí ó gbẹ́ síbẹ̀ sì jẹ́ ìdọ̀tí tí a ní láti kó kúrò. Ní ibùdó yìí, ẹ̀dá tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò wà nínú omi tí ènìyàn gbẹ́, ẹni tí ó sì gbẹ́ ẹ kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilẹ̀ náà.

Kí ọ̀rọ̀ tó lè yéni, a ní láti mọ odò tí ẹja náà ti wá. Odò Mojave kò jọ àwọn odò tí a mọ̀ nílé. Orí òkè San Bernardino ni ó ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n inú aṣálẹ̀ ni ó kọrí sí, kò sì dé òkun láéláé. Ní ibi púpọ̀, abẹ́ iyanrìn ni ó ń gbà, yóò yọjú níbi tí àpáta bá ti tì í sókè, yóò sì tún wọlẹ̀. Àfi bí òjò bá pọ̀ gidigidi lórí òkè ni àgbàrá rẹ̀ máa ń dé Soda Lake, tí yóò tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀, tí oòrùn yóò sì fà á gbẹ pátápátá. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣì tutù, adágún ńlá ni ó wà níbi tí ilẹ̀ iyọ̀ wà lónìí, omi jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ara ẹja yìí sì bá mu. Nígbà tí àwọn adágún ìgbàanì gbẹ, inú àwọn ibú odò tí omi kò ti sáré ni ó fara pamọ́ sí. Nínú gbogbo odò Mojave, òun nìkan ni ẹja tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1930, àlejò wọ odò náà. Arroyo chub ni, ẹja apá etíkun California, ohun tí ó sì jọ òtítọ́ jù ni pé àwọn apẹja ni wọ́n gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ìjẹ ẹnu ìwọ̀. Ẹja méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn gùn, ọmọ àdàlù sì gba odò kan. Carl Hubbs àti Robert Miller, àwọn onímọ̀ ẹja méjì tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹja aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé àdàlù yìí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1943. Ìkún omi ńlá ọdún 1938 náà ti dá kún un: ọmọ onílẹ̀ tí kò mọ omi sísáré lúwẹ̀ẹ́ ni àgbàrá ń gbá lọ sórí ilẹ̀ iyọ̀ láti kú síbẹ̀, nígbà tí àlejò tí ó ti bá odò etíkun jà rí dúró pa. Nígbà tí ó fi di ọdún 1970, tí ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ Mohave tui chub sínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun, ojúlówó rẹ̀ kò sí nínú odò náà mọ́.

Ibi tí ó ṣẹ́kù sí ni Soda Springs, ìyẹn ibi tí omi ti ń sun létí Soda Lake, níbi tí ibùdó náà wà lónìí. Ìsun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MC Spring, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti yàrá kékeré lọ. Láti inú rẹ̀ ni ẹja náà ti dé inú omi tí ènìyàn gbẹ́ sí tòsí.

Ìtàn bí omi náà ṣe di gbígbẹ́ kò dára létí. Ní ọdún 1944, Curtis Howe Springer, oníwàásù orí rédíò tí ó tún ń ta oògùn, wọ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìwé pé òun fẹ́ wa kùsà lórí nǹkan bí 12,800 éékà. Kùsà kọ́ ni ó wá wà. Ó kó àwọn tí kò rílé gbé ní ìgboro Los Angeles wá láti bá a ṣiṣẹ́, ó kọ́ ilé ìtura, ilé ìjọsìn àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣe bí àgbélébùú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Zzyzx kí orúkọ náà lè gbẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń polówó omi gbígbóná ibẹ̀ fún àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ni ó fi ń sè é. Lára ohun tí ó ṣe ni adágún Tuendae, tí ọ̀pẹ yí ká. Ní ọdún 1974, Bureau of Land Management, ẹ̀ka ìjọba tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, lé e jáde. Nígbà tí ó fi máa lọ, ẹja tí kò sí nínú odò rẹ̀ mọ́ ti ń bí, ó sì ti ń rẹ̀ nínú adágún tí ó fi sílẹ̀.

Ìkóríta àkọ́kọ́ nìyí, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ìjọba gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ àwókù ilé, ojú ọ̀nà tí eruku bò, àti omi tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú ìtọ́jú àyíká nìkan wò ó lè sọ pé kí wọ́n wó àwọn ilé, kí wọ́n dí adágún náà, kí ilẹ̀ padà sí bí ó ti wà. Èrò náà kò burú ní ti ara rẹ̀, àìmọye ibi ni wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dí Tuendae, ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí ẹja yìí ṣẹ́kù sí lórí ilẹ̀ ayé ni wọ́n dí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ni pé, ní ọdún 1976, wọ́n fún àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ California mélòó kan tí wọ́n parapọ̀ ní àyè láti máa lo ibẹ̀, ọgbà ti Fullerton ni ó sì ń ṣe àkóso. Ilé ìtura di ibùsùn àti kíláàsì. Nígbà tí òfin ọdún 1994 dá Mojave National Preserve sílẹ̀, ilẹ̀ náà bọ́ sábẹ́ National Park Service, yunifásítì sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn sì ni ohun tí adágún náà nílò ju ohunkóhun lọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé adágún tí ènìyàn gbẹ́ kò lè dá dúró nínú aṣálẹ̀. Oòrùn ń fa omi rẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí ó bá lọ ni wọ́n ní láti dá padà láti inú ilẹ̀. Koríko odò tí ó ga ju ènìyàn lọ ń hù láti etí bọ̀ ní àárín. Èyí tí ó bá kú yóò wó sínú omi, yóò jẹrà, yóò sì di ẹrẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń ga ni omi ń pẹ́lẹ́, omi pẹlẹbẹ a sì tètè gbóná, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú rẹ̀ a sì dín kù, pàápàá lóru nígbà tí ewéko inú omi náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Bí ènìyàn bá fi irú adágún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àbàtà ni yóò dà, lẹ́yìn náà yóò di ilẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà ni gígé koríko àti kíkó ẹrẹ̀ ṣe di ara ìtọ́jú ẹja yìí. Iṣẹ́ náà le, kò sì ní ògo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá kọ́ nípa ẹja aṣálẹ̀ lè má retí pé ẹrẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn tí ó ń tọ́jú ẹja náà mọ̀ pé ewu ni kí ó wà lójú kan ṣoṣo. Wọ́n ń kó o lọ sí ibòmíràn, láti ìsun dé adágún ọgbà ìgbafẹ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbìyànjú náà sì forí ṣánpọ́n. Omi kan gbẹ, òmíràn ní ẹja tí ń pa ẹja jẹ nínú, àgbàrá gbá òmíràn lọ. Èyí tí ó yọrí sí rere jù lọ ni Lark Seep, ní ibùdó àwọn ọmọ ogun orí omi ní China Lake, níbi tí wọ́n kó ẹja náà lọ ní ọdún 1971. Ẹ wo ohun tí ó mú kí ó yege níbẹ̀: omi tí ń jò láti inú àwọn kòtò tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú omi ìdọ̀tí ni ó ń bọ́ àbàtà náà, nítorí náà kì í gbẹ, kì í sì í sáré. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n tún fìdí agbo mìíràn múlẹ̀ ní Camp Cady, lẹ́bàá odò Mojave fúnra rẹ̀, nínú àwọn adágún tí ènìyàn ṣe. Ìwé ètò tí ìjọba ṣe ní ọdún 1984 fún ìgbàpadà ẹja náà sọ pé agbo mẹ́fà ni ó gbọ́dọ̀ wà, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò dín ní 500 ẹja, kí wọ́n tó lè sọ pé ewu rẹ̀ ti fúyẹ́. Kí wọ́n tó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé náà pátápátá, ó gbọ́dọ̀ padà sínú odò.

Ìkóríta kejì dé ní nǹkan bí ọdún 2001. Wọ́n rí ẹja àjèjì nínú Tuendae, ẹja ajẹ-tanwíjí, tí wọ́n ti kó káàkiri ayé láti gbógun ti ẹ̀fọn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e débẹ̀, nítorí pé ẹja kì í fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ já. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, wọ́n tún rí aràn pẹlẹbẹ kan láti Éṣíà nínú ìfun tui chub. Ẹyin aràn náà ń bá ìgbẹ́ ẹja jáde sínú omi. Nígbà tí ó bá pa, kòkòrò omi tíntìntín yóò gbé e mì, ẹja yóò gbé kòkòrò náà mì, aràn yóò sì dàgbà nínú ìfun rẹ̀. Ẹja kékeré tí aràn bá pọ̀ nínú rẹ̀ lè má dàgbà, ó sì lè kú.

Ẹ̀rù méjèèjì tọ́ láti bani. Ẹja ajẹ-tanwíjí ti ba agbo ẹja ìbílẹ̀ jẹ́ ní ibi púpọ̀ nínú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé kì í ṣe tanwíjí nìkan ni ó ń jẹ. Ó ń jẹ ọmọ ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ọ̀nà tí àwọn olùtọ́jú ẹja sábà máa ń gbà nírú ipò yìí ni kí wọ́n kó ìwọ̀nba ẹja tiwọn jáde, kí wọ́n fi oògùn pa gbogbo ohun tí ó kù nínú omi, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá yẹ, àlejò a pa rẹ́. Bí kò bá yẹ, ènìyàn a ti pa agbo tí ó ń gbìyànjú láti gbà là, àlejò a sì tún yọjú láti inú koríko kan tí oògùn kò dé.

Wọ́n kò yára. Ohun tí mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé wọ́n jẹ́ kí ìbéèrè di ìwádìí kí ó tó di ìpinnu. Àwọn olùwádìí láti North Dakota State University kó àwọn ẹja méjèèjì pọ̀ sínú omi tí wọ́n lè máa ṣọ́, wọ́n sì wo ẹni tí ń jẹ ẹni. Lóòótọ́ ni ẹja ajẹ-tanwíjí ń jẹ ọmọ tui chub. Ṣùgbọ́n tui chub tí ó ti dàgbà ń jẹ ẹja ajẹ-tanwíjí náà, gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bí ẹnu ẹja ṣe fẹ̀ tó: ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá gba ẹnìkejì ni yóò jẹ ẹ́. Nítorí náà, níbi tí àgbà tui chub bá pọ̀ sí, àlejò kò lè gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, ẹja méjèèjì sì lè jọ máa gbé. Ìdáhùn yìí yí ojú tí wọ́n fi ń wo adágún náà padà. Ewu tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀ wá pa gbogbo agbo di ohun tí àwọn àgbà ẹja lè kápá, bí wọ́n bá rí i pé àgbà ẹja wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ aràn náà gba sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹja inú Tuendae kò pa run nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n aràn náà sọ gbígbé ẹja kiri di ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ó tó dé, ìbéèrè ni pé ǹjẹ́ omi tí a ń gbé ẹja lọ dára? Láti ìgbà tí ó ti dé, ó di dandan kí a tún bèèrè bóyá ẹja tí a gbé lọ́wọ́ mọ́. Praziquantel ni oògùn tí ń pa irú aràn bẹ́ẹ̀, oògùn kan náà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ iléèwé ní ilẹ̀ wa lòdì sí àtọ̀sí ajá.

Ní ọdún 2008, wọ́n kó ẹja náà lọ sí Lewis Center ní Apple Valley, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà létí odò Mojave, tí àwọn ọmọ iléèwé sì di aládùúgbò ẹja ìlú wọn. Ní ọdún 2011, National Park Service kó o sínú omi tí ó kún kòtò ńlá Morning Star Mine, ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù tẹ́lẹ̀ nínú ilẹ̀ ìpamọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n: MC Spring, Tuendae, Lark Seep, Camp Cady, Lewis Center, Morning Star. Mẹ́fà pé. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, MC Spring nìkan ni kò gbára lé ohun tí ènìyàn gbẹ́, tí ó kọ́, tàbí tí ó tú dànù. Òun náà ni ó kéré jù, kò sì rọrùn kí ìsun tí kò ju yàrá lọ gba 500 ẹja.

Fún ẹni tí ó bá ń ṣe àkóso irú ibùdó yìí, àwọn nǹkan kan wà tí ó yẹ kí ó mú kúrò nínú ìtàn yìí lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó tó wó ahoro tàbí kí ó tó dí kòtò, kí ó rán ènìyàn lọ wo ohun tí ó ń gbé inú rẹ̀, kí ẹni náà sì lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní àsìkò ooru àti ní àsìkò òtútù, nítorí pé ìwé tí ó wà ní ọ́fíìsì kò lè sọ fún un. Kí owó kíkó ẹrẹ̀ àti gígé koríko wà nínú ètò ìnáwó ọdọọdún gẹ́gẹ́ bí owó ìtọ́jú ẹ̀dá, kí wọ́n má ṣe dà á pọ̀ mọ́ owó àtúnṣe ilé tí wọ́n lè sún síwájú nígbà tí owó kò bá tó. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé iṣẹ́ tí kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìnáwó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé.

Nígbà tí ó bá fẹ́ dá agbo tuntun sílẹ̀, kí ó má ṣe fi ìwọ̀nba ẹja díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó sì rò pé iye tí wọ́n bá bí yóò di àlàfo náà. Agbo tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí díẹ̀ lè pọ̀ tó ẹgbẹ̀rún, síbẹ̀ kí àbùdá tí ó wà nínú gbogbo wọn má ju ti àwọn òbí díẹ̀ náà lọ. Fún ẹja yìí, èrò tèmi láti inú ìwádìí ẹnu ẹja ni pé kí àwọn tí wọ́n bá ń gbé lọ sí omi tí àlejò ti wà jẹ́ àgbà tí ẹnu wọn ti fẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibùdó ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ti géètì pa: ènìyàn ń wọlé, ènìyàn ń jáde, àwọ̀n àti bàtà tí ó wà nínú omi kan lánàá lè wà nínú omi mìíràn lónìí. Ọwọ́ tí ń kó ẹrẹ̀ ni ọwọ́ tí ó tún lè gbé aràn. Kí àwọ̀n tí wọ́n bá lò nínú Tuendae má ṣe kúrò létí Tuendae, kí èyí tí ó bá gbọ́dọ̀ kúrò sì gbẹ pátápátá nínú oòrùn kí ó tó kan omi mìíràn. Oòrùn kò wọ́n wọn níbẹ̀. Kí olùkọ́ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹsẹ̀ bọ omi. Ní ti MC Spring, bí ìpinnu bá wà lọ́wọ́ mi, èmi kò ní mú kíláàsì kankan débẹ̀ rárá. Tuendae ni wọn ì bá máa lò, èyí tí ẹ̀rọ lè dá omi rẹ̀ padà, tí ọwọ́ sì lè kó ẹrẹ̀ rẹ̀.

Odò Mojave fúnra rẹ̀ ṣì kún fún ẹja àjèjì, kò sì tíì sí ojúlówó tui chub tí ó ń bí nínú rẹ̀. Títí di ìgbà tí ìyẹn bá yí padà, omi tí oníwàásù kan gbẹ́ láìgba àṣẹ ni wọ́n yóò máa tọ́jú, ní ọdọọdún, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ ìfami.